Ìkójọ Páálí Ìṣáná

Ìkójọ páálí ìṣáná ni kí èèyàn máa ṣa páálí tí wọ́n fi ń di ìṣáná jọ, kì í ṣe nítorí igi tó wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe nítorí ohun tí wọ́n yà àti ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn sítáǹbù, mi ò rò pé ohun pélébé mìíràn wà tí àwọn èèyàn ń kó jọ lágbàáyé tó o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún un, phillumeny. Marjorie Evans ló fi èdè Gíríìkì àti Látìn hun orúkọ náà lọ́dún 1943: apá kan jẹ́ ìfẹ́, apá kejì jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Yorùbá kò tíì sọ ọ́ lórúkọ kan pàtó. Ẹni tó bá ń ṣe é, a máa ní ó ń kó páálí ìṣáná jọ, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì ní ó ń kó pàǹtírí wọlé.

Ohun tí wọ́n ń kó pín sí oríṣi mẹ́ta. Àwọn kan ń kó odindi páálí, àti ìbòrí àti àpótí kékeré inú rẹ̀ tí a ń tì síwá sẹ́yìn. Àwọn kan, ìwé ìlẹ̀mọ́ orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú álíbọ́ọ̀mù bí ẹni tẹ́ fọ́tò. Àwọn kẹta, tí wọ́n pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ń kó èèpo ìṣáná oníwèé, ìyẹn èyí tí wọ́n fi páálí pẹlẹbẹ kan ká igi rírọ̀ mọ́, tó ń ṣí tó ń pa dé bí ìwé.

Kí ìṣáná tó dé

Orúkọ ìṣáná fúnra rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe: ohun tí a fi ń ṣá iná. Ká tó rí ti òyìnbó, akọ òkúta àti irin ni àwọn baba wa fi ń ṣá a, tí iná á ta sórí òwú tàbí ohun gbígbẹ mìíràn. Iṣẹ́ náà le, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí iná kú nínú ilé. Wọ́n á fi eérú bo ẹ̀yinná mọ́lẹ̀ lálẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú, á rán ọmọ sí ilé kejì pé kó lọ fọnná wá, ọmọ náà ò sì gbọdọ̀ dúró ṣeré lójú ọ̀nà kí ẹ̀yinná má baà kú sórí àpáàdì. Títí dòní, àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tó tún ní òun ń lọ, a máa bi í pé ṣé iná ló wá fọn ni. Ọ̀pọ̀ wa tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀ ni kò fọnná rí láyé wa. Ìṣáná ni kò jẹ́.

Ohun tí wọ́n yà sórí páálí kò ní yé èèyàn dáadáa bí kò bá mọ ohun tí ojú ìṣáná ti rí. John Walker, apoògùn kan ní ìlú Stockton-on-Tees nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ìṣáná àkọ́kọ́ tí èèyàn lè ha kó sì gbiná. Ọdún 1826 ló rí ọgbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1827. Kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ni àwọn ẹlòmíràn bá gbà á ṣe. Láìpẹ́ sí i, Charles Sauria, ará Faransé, fi phosphorus funfun sí orí igi náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Phosphorus funfun ń gbiná wẹ́rẹ́, àmọ́ májèlé ni. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń ṣe ìṣáná nílé iṣẹ́ ń fa èéfín rẹ̀ símú títí egungun àgbọ̀n wọn á fi jẹrà. Lọ́dún 1888, nǹkan bí 1,400 obìnrin àti ọmọbìnrin da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Bryant & May ní ìlú London, wọ́n ní owó ìtanràn pọ̀ jù, ìyà náà sì tó gẹ́ẹ́. Lọ́dún 1891, àwọn Ọmọ Ogun Ìgbàlà dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, phosphorus pupa ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n sì kọ Lights in Darkest England sórí páálí wọn, bí ẹni ń sọ pé àwọn tanná síbi tó ṣókùnkùn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwàásù lórí páálí ìṣáná! Àwọn akójọ ṣì ń wá páálí yẹn kiri. Ọdún 1906 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Berne, ní Switzerland, pé kí phosphorus funfun kúrò nínú ìṣáná.

Àwọn ará Sweden ti rí ojútùú rẹ̀ tipẹ́. Gustaf Erik Pasch gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1844 lórí ọgbọ́n kan: ẹ mú phosphorus kúrò lórí igi, ẹ fi èyí tó pupa sí ẹ̀gbẹ́ páálí. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Johan Edvard àti Carl Frans Lundström, ló wá sọ ọgbọ́n náà di òwò ní ìlú Jönköping. Igi nìkan kò ní gbiná, páálí nìkan kò ní gbiná, àfi bí àwọn méjèèjì bá fara kanra. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè da ìṣáná sínú agolo kó máa ha á sára ògiri tàbí ìdí bàtà. Irú ti Pasch yìí kò wúlò láìsí páálí rẹ̀. Páálí di ohun tí a ń mú lọ́wọ́, tí a ń wò lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, àwọn oníṣòwò sì rí i pé ojú rẹ̀ tó fi polówó ọjà.

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba eré yìí jẹ́ fún àwọn akójọ. Ivar Kreuger, ará Sweden, kó ilé iṣẹ́ ìṣáná jọ bí ọmọdé ṣe ń kó ọsàn jọ. Ó ń yá ìjọba owó, ìjọba á sì fún un láṣẹ pé òun nìkan ni kó máa ta ìṣáná ní ilẹ̀ wọn. Ó yá Faransé ní 75 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 1927, ó sì bá Jámánì ṣe àdéhùn 125 mílíọ̀nù. Ní ilẹ̀ Jámánì, àṣẹ yẹn kò kúrò títí di ọdún 1983. Ẹni tó bá ṣí álíbọ́ọ̀mù Jámánì á rí ohun tó fà: àwòrán kan náà, orúkọ kan náà, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Kreuger fúnra rẹ̀ ti kú ní Paris nínú oṣù kẹta ọdún 1932, gbèsè rẹ̀ sì mi ayé.

Ní Ìjòkú àti ìyókù ilẹ̀ Yorùbá

Ìjòkú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Rẹ́mọ tó para pọ̀ di Ṣàgámù ní nǹkan bí ọdún 1872. Ìlú obì ni Ṣàgámù. Àwọn Hausa tó ń ra obì ló kún àdúgbò Sábó, oríta ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Benin sì ni ìlú náà wà, nítorí náà ohunkóhun tí ọkọ̀ ojú omi bá já sí Èkó kì í pẹ́ kó tó dé àtẹ níbẹ̀. Iyọ̀, kẹrosín, ṣúgà oníhóró, ìṣáná: ohun tí ìyá olówò kékeré kò gbọdọ̀ má ní nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ìṣáná nígbà náà kò mọ̀wé kà, àwòrán ni wọ́n ń kà. Ilé ìtajà òyìnbó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹyẹ, ẹranko, ọkọ̀ àti ìràwọ̀ ló pọ̀ lórí ọjà tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oníbàárà kò ní pe orúkọ ilé iṣẹ́. Á ní, "Ẹ fún mi ní elérin," tàbí "Oníràwọ̀ ni mo fẹ́, èyí ò dáa." Three Stars, tó ní ìràwọ̀ mẹ́ta lórí, wà lára àmì tí àwọn ará Sweden fi ta ìṣáná káàkiri ayé. Bí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ pààrọ̀ àwòrán, ọjà rẹ̀ lè kú, torí oníbàárà á ní wọ́n ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Èyí ló mú kí àwòrán kan náà pẹ́ lórí páálí ju ọjọ́ ayé ẹni tó yà á lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, ilẹ̀ adúláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ìlọrin ní United Match Company. Ní Ghana, ìjọba Kwame Nkrumah kọ́ ilé iṣẹ́ ìṣáná sí Kade. Ní Cameroon, Unalor ní ìlú Douala ló ń ṣe Le Boxeur, tí àwòrán abẹ̀ṣẹ́ wà lórí rẹ̀. South Africa ò dúró de òmìnira: Lion Match ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1905, kìnnìún rẹ̀ ò sì tíì sá kúrò lórí páálí. Lójú tèmi, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òmìnira yìí ló yẹ kí akójọ ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ máa wá. Èyí tó ti Sweden wá, àwọn ará Sweden ti kó o pa mọ́ fún wa. Ta ló kó ti Ìlọrin pa mọ́?

Nílé ìyá mi àgbà ní Ìjòkú, páálí ìṣáná kì í sùn nílẹ̀. Inú agolo ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e ka orí pákó tó wà lókè àdògán, kí èéfín máa yán an. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ìṣáná á gba ọ̀rinrin. Orí rẹ̀ á kàn máa ha sílẹ̀ bí ẹfun, kò ní ṣá. Màmá á fi igi náà ra irun orí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n á tún un ṣá, lọ́pọ̀ ìgbà á gbiná. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi ìṣáná méjì tan àtùpà kan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ onínàákúnàá.

Tí igi inú rẹ̀ bá tán, ọwọ́ ọmọdé ló kàn. Páálí méjì àti òwú gígùn kan di tẹlifóònù. Mẹ́ta tí a so mọ́ra di rélùwéè. A máa ń fi páálí kan tọ́jú ìrẹ̀ tí a mú lẹ́yìnkùlé, a ó dá páálí náà lu díẹ̀ kí ìrẹ̀ lè mí, a ó sì gbé e dé etí kó kọrin. Bí Kérésì bá ń bọ̀, a ó ha orí ìṣáná sínú kọ́kọ́rọ́ oníhò, a ó ki ìṣó bọ̀ ọ́, a ó fi okùn so wọ́n pọ̀, a ó sì fì í lu ògiri: gbàà! Ó ti sun ọwọ́ ọmọ kan ládùúgbò wa, kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ ọmọ.

Èmi náà kó tèmi jọ. Mo ní nǹkan bí ogójì nínú páálí bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: elérin, oníràwọ̀, ọ̀kan tí àbúrò bàbá mi mú bọ̀ láti Kùtọnu tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n kọ sí i. Mo lọ sílé ìwé, mo dé fún ọlidé, mo gbé páálí bàtà náà, ìdí rẹ̀ kù sílẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá. Ohun tó kù kò tó ẹ̀kúnwọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ní orí nínú gbogbo àwọn erin náà.

Ìṣáná oníwèé

Joshua Pusey, agbẹjọ́rò ní Philadelphia, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìṣáná oníwèé lọ́dún 1892. Wọ́n ní páálí ìṣáná ń wú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni. Diamond Match Company ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ìpolówó. Igi 20 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún èèyàn ní ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti báńkì. Lọ́dún 1927, nígbà tí wọ́n ṣe àsè fún Charles Lindbergh ní New York lẹ́yìn tó fò nìkan la òkun Atlantic kọjá, wọ́n tẹ ìṣáná oníwèé fún àsè ọ̀hún. Díẹ̀ ló kù láyé, owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á láàárín ara wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Amẹ́ríkà tẹ ìlérí Ọ̀gágun MacArthur pé òun á padà wá sórí rẹ̀, wọ́n sì kó o wọ Philippines. Ọ̀dọ̀ wa, irú èyí kò wọlé tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sùn nílé ìtura ńlá tàbí tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ló ń mú un bọ̀ bí ẹ̀rí pé àwọn lọ ìrìn-àjò.

Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀

Páálí ìṣáná kì í sábà ní ọjọ́ lórí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí i fúnra rẹ̀. Bí iye owó bá wà lórí páálí Nàìjíríà, ṣílè àti pẹ́ńsì túmọ̀ sí pé ó ti wà kí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tó dé, ìyẹn ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀. Bó bá kọ Kwara State sí ìsàlẹ̀ orúkọ Ìlọrin, kò lè dàgbà ju ọdún 1967 lọ. Ibikíbi tó bá ti kọ Ogun State, ọdún 1976 síwájú ni. Bí ìlà dúdú tí ẹ̀rọ fi ń ka owó ọjà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́; ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ lo irú rẹ̀ nílé ìtajà. Ní ti ìṣáná oníwèé Amẹ́ríkà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣá a. Iwájú ló wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nínú àwọn ọdún 1970 ni wọ́n gbé e sẹ́yìn nítorí ààbò, kí igi tó ń jó má baà ran àwọn tó kù.

Ipò tó wà náà ṣe pàtàkì. Ìwé tí kò ya, tí omi kò kàn, tí wọn kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló níyì jù. Àwọn kan kò fẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rárá. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn: ẹ̀gbẹ́ tó ti họ nítorí ṣíṣá fi hàn pé páálí náà ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ẹnìkan.

Àwọn ẹgbẹ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá Rathkamp Matchcover Society sílẹ̀ lọ́dún 1941. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Matchbox Label and Booklet Society bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945. Jönköping ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìṣáná láti ọdún 1948, nínú ilé tí àwọn Lundström ti ń ṣiṣẹ́ níjọ́un. Ẹni tó kó o jọ jù tí ìwé Guinness kọ orúkọ rẹ̀ ni Teiichi Yoshizawa, ará Japan: ìwé ìlẹ̀mọ́ tó lé ní 700,000, láti orílẹ̀-èdè bí 150.

Ìtọ́jú

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ da igi inú rẹ̀ nù. Páálí ọgọ́rùn-ún tó kún fún ìṣáná nínú yàrá kan, iná ló ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ bó ìwé orí rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Ẹ má fi èékánná fà á. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà funfun méjì, ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án, ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń jẹ ojú ìwé. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí gan-an kò ṣeé bó; ẹ já a níbi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ.

Ọ̀tá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa mẹ́ta ni: ọ̀rinrin, aáyán àti ikán. Aáyán fẹ́ràn lẹ́ẹ̀ àtijọ́ ju ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Ike tó ní ìdérí líle dára ju páálí bàtà lọ, ẹ sì lè ju àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, tí a máa ń bá nínú bàtà tuntun, sínú rẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Láítà àti sítóòfù gáàsì tó ń tan ara rẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìṣáná nínú ọ̀pọ̀ ilé, síbẹ̀ ẹ ó ṣì rí i lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí, ẹ ra méjì: ẹ lo ọ̀kan, ẹ fi páálí ìkejì pa mọ́. Èyí tó ti pẹ́, inú àpótí aṣọ àwọn àgbà, ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ àti inú agolo bọ́tìnnì ló kù sí. Bí ẹ bá lọ palẹ̀ ilé ẹni tó ti lọ mọ́ ní Ìjòkú, ní Mákún, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí agolo bọ́tìnnì wò kí ẹ tó dà á nù.